Ṣé Bó Ṣe Máa Ń Ṣe Nìyẹn?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí gbólóhùn kan ti ń rìn kiri lórí mi. Màmá mi ni wọ́n sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Mo pè wọ́n lórí WhatsApp lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ilé wọn kún, àwọn ìyá ìjọ wá kí wọn. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà béèrè pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Màmá mi dáhùn pé, "Àkànní mi ni, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London."

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. N kò gbé ní London náà. Ti London ò bí mi nínú; lójú ará Ìsẹ́yìn, gbogbo ilẹ̀ England, London ni. Ti nọ́ọ̀sì ló wọ̀ mí lára. Mo gbọ́ ọ ketekete, mo panu mọ́, mo tún gbé ohùn sókè kí àwọn ìyá ìjọ pé ẹ kú ìpàdé o. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán tí mo dúró níwájú dígí, ìbéèrè kan náà ni yóò yọjú: bí wọn ò bá ní sọ pé nọ́ọ̀sì, kí ni kí màmá ó máa sọ?

Iṣẹ́ tí a kò sọ lórúkọ

Healthcare support worker, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nídìí ìtọ́jú aláìsàn, ló wà lára káàdì tó rọ̀ sí mi láyà. Ní wọ́ọ̀dù, HCA (healthcare assistant) ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn aláìsàn a máa pè mí ní nọ́ọ̀sì, n óò ní rárá o, nọ́ọ̀sì ń bọ̀, wọn a tún pè mí ní nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn wa níbí ní orúkọ tiwọn. Ẹ bá wọn débi ìkómọ tàbí ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, ẹ ó gbọ́ ọ láàárín ẹ̀rín: iṣẹ́ ìnudí. "Àkànní, ṣé ìdí òyìnbó lo ṣì ń nù?" Ẹni tó ń bi mí yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ níbi tó ti nu ìdí mẹ́jọ. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni.

Ọdún méje ni mo fi ka owó ní báńkì ní Ìbàdàn kí n tó tẹ̀lé ìyàwó mi wá síbí ní 2022, nígbà tó rí ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Ìtàn bí a ṣe dé, ẹ mọ̀ ọ́n. Kálukú ló ní tirẹ̀. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo fi ti ìdí káńtà, pẹ̀lú táì lọ́rùn, bọ́ sídìí kọ́mọ́ọ̀dù.

Màmá mi mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi dọ́gbọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Nílé, ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn tí kì í ṣe dókítà tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, auxiliary nurse là ń pè é, orúkọ náà ò sì gbayì. Ọmọbìnrin tó parí girama ni, tí ilé ìwòsàn aládàáni kan kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n fún ní aṣọ funfun, tí wọ́n ń fún ní owó táṣẹ́rẹ́. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò mọ̀ ọ́n rí. Bí abẹ́rẹ́ bá ba ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́, òun ni wọn yóò na ìka sí. Màmá mi ò lè dúró níwájú àwọn ìyá ìjọ kí wọ́n ní auxiliary ni ọmọ àwọn tó sọdá òkun.

Àmọ́ ohun mìíràn wà nídìí rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, kò wọ́pọ̀ kí èèyàn gbowó lé e lórí nílé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá yòówù lálẹ́, kí ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó tẹ́ni síbẹ̀, tí wọ́n gbé fúláàsì àti ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, HCA tiwa nìyẹn. Ọmọ ni, ìyàwó ọmọ ni, àbúrò ni. Àwọn ni wọ́n ń po ẹ̀kọ, àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ fún aláìsàn, àwọn ni wọ́n ń da ìtọ̀ nù. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A kì í sanwó ìyẹn fún ọmọ, a kì í sì í fún un lórúkọ. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìyá wọn, tí ìwọ ń gbowó ṣe fún ìyá oníyàá, ojú wo ni kí wọ́n fi wò ọ́?

Màmá mi fúnra wọn ṣe é. Ó lé ní ọdún méjì tí ìyá àgbà fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo wà ní girama nígbà náà. Ohun tí mo rántí kò pọ̀: òórùn òrí, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì pa bí mo bá ń bọ̀, màmá tí ń kọrin ìjọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. N óò padà síbẹ̀.

Alẹ́ kẹta

Mo ti lo bí ọdún kan àbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá aláìsàn náà mọ̀.

Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ ká máa pè wọ́n wà lórí pátákó lókè orí wọn: orúkọ àbísọ lásán, kò sí ọ̀gbẹ́ni níwájú rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju bàbá mi lọ, kí n máa pè wọ́n lórúkọ gbàgà bí ẹgbẹ́ mi? Ọ̀gá mi ti bá mi wí lórí rẹ̀ rí, ó ní ohun tí aláìsàn bá fẹ́ ni ká ṣe. Mo wá ń fi "sir" ti orúkọ náà lẹ́yìn, bàbá a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Alaalẹ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n tó so okùn ìfúnpá mọ́ wọn lápá, ìbéèrè kan náà ni: bọ́ọ̀sì wo ló gbé mi wá? N óò sọ nọ́ńbà rẹ̀. Wọn a mi orí, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì náà ń gbà tẹ́lẹ̀ kí ìjọba ìlú tó bà á jẹ́, ibi tó ti ń dúró, awakọ̀ kan tí kì í tètè dé. Wọ́n sọ ọ́ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ kejì, wọ́n tún un sọ bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí. Ó ti wà nínú ìwé wọn pé ìgbàgbé ń dà wọ́n láàmú.

Ní alẹ́ kẹta, wọn ò béèrè.

Mo so okùn, mo kí wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n pè mí ní orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí. Ọwọ́ wọn ń ṣa etí bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi wọ́n pé níbo la wà yìí. Wọ́n ní ilé. Ó lè jẹ́ oorun. Ó lè jẹ́ ìgbàgbé tí wọ́n ti kọ sínú ìwé.

Mo ka gbogbo ohun tó yẹ kí n kà. Mímí, 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́síjìn, 96. Ìfúnpá, 118 lókè. Ọkàn ń lù ní 98. Ooru ara, 37.8. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ. NEWS2 ni òṣùwọ̀n tí à ń lò ń jẹ́. Royal College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà níbí, ló gbé e jáde ní December 2017, àwọn ilé ìwòsàn NHS, ìyẹn ti ìjọba, káàkiri England sì ń lò ó. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀: bó bá ti jìnnà sí ibi tó yẹ kó wà tó, bẹ́ẹ̀ ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ tó. Nínú gbogbo èyí tí mo kà fún bàbá, lílù ọkàn nìkan ló gba máàkì, ẹyọ kan péré. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 1, ẹ̀rọ yóò ní kí n padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ó parí.

Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì kù lójú ẹ̀rọ: báwo ni orí aláìsàn ṣe pé sí? Lẹ́tà márùn-ún ló wà níbẹ̀. A ni ẹni tí ojú rẹ̀ dá, tó mọ ibi tó wà. C ni ẹni tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú. Mẹ́ta yòókù, ti ẹni tó ti ń lọ jìnnà ni. C yìí kò sí nínú òṣùwọ̀n àkọ́kọ́; 2017 ni wọ́n tó fi kún un. Bí mo bá tẹ A, àpapọ̀ jẹ́ 1. Bí mo bá tẹ C, òun nìkan gba 3, àpapọ̀ di 4. Ẹyọ 3 níbì kan ṣoṣo sì ti tó kí nọ́ọ̀sì ké sí dókítà ní kíákíá, kí á sì máa yẹ bàbá wò ní wákàtí wákàtí.

Gbogbo ẹjọ́ náà wá wà lórí "ṣẹ̀ṣẹ̀". Ìwé ti ní orí bàbá ò pé tó tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé dídàrú ti òní yàtọ̀ sí ti àná?

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: ìka mi ti lọ sórí A. Aago kan òru ti kọjá. Aláìsàn méjìlá ló wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì wa, ẹnì kan ní yàrá kejì kò jẹ́ ká sinmi, ó fẹ́ máa bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà kan ṣoṣo ló sì ń yí wọ́ọ̀dù mélòó kan ká. Bí mo bá tẹ C, tó wá jẹ́ pé oorun lásán ló ń kun bàbá, mo di HCA tó ń pariwo kiri. Mo ti jẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì máa ń pẹ́ kó tó parẹ́. Bọ́ọ̀sì ló dá ìka mi dúró.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì náà. Ọmọ Philippines ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló ti ìsinmi dé, kò rí bàbá rí. Mo ní bí bàbá ṣe ń ṣe kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó wo àwọn nọ́ńbà, ó wo ìwé, ó wo ojú mi. Ó wá bi mí pé, "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" (Gẹ̀ẹ́sì ò ní "wọ́n" tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ má bínú sí i.)

Mo wò yíká. Kò sí ẹlòmíràn tó lè dáhùn. Dókítà tó gba bàbá wọlé ti lọ sílé rẹ̀. Àwọn ọlọ́sàn-án ti lọ. Ìyàwó bàbá, tí wọ́n máa ń wọ bọ́ọ̀sì méjì wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ti sùn. Nínú gbogbo ilé ràgàjì yẹn, tòun ti ẹ̀rọ inú rẹ̀, èmi tí mo ti ìdí káńtà báńkì wá nìkan ni mo mọ bí bàbá yìí ṣe máa ń rí ní aago kan òru. Mo ní, "Rárá. Ó máa ń bi mí nípa bọ́ọ̀sì."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tẹ C."

Kò tó wákàtí kan tí dókítà fi dé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀; wọ́n fura pé àkóràn inú ìtọ̀ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ti ń kán sínú iṣan bàbá nígbà tí ooru ara wọn kọjá 39 ní nǹkan bí aago márùn-ún. Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo fi padà, wọ́n ti gbé bàbá lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. N kò mọ bó ṣe parí. Èèyàn ò gbọdọ̀ ṣí ìwé aláìsàn tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ wò, bó ti wù kó máa jẹ ẹ́ lọ́kàn tó; iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì náà lọ síbi iṣẹ́.

Ta ló ń sanwó ojú?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó lè ka ojú, ó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ nígbà tí ojú náà fara rọ. Ibi tí HCA wà nìyẹn. Ìgbà tí a bá ń nu ìdí yìí gan-an la máa ń rí awọ tó ti ń pọ́n níbi egungun ìdí kó tó di egbò. Ìgbà náà la máa ń rí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tí í ṣe àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ nínú. Bí a bá ń bu omi sí wọn lẹ́nu, a máa ń gbọ́ ikọ́ kékeré tó ń tẹ̀lé e, tí ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ti ń ṣi ọ̀nà gbà. Nọ́ọ̀sì mọ ìtumọ̀ gbogbo èyí jù mí lọ. Àyè láti jókòó tì í ni kò sí fún un. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Mo mẹ́nu ba awọ tó ń pọ́n. Awọ tiwa kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ mi, ìdí òyìnbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pupa rẹ̀ hàn bí ata. Nígbà tí màmá àgbà kan, adúláwọ̀, wọ wọ́ọ̀dù wa, àwọn kan wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ó gbóná ju ibi tó yí i ká lọ, ó sì le gbagidi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ojú nìkan wo awọ dúdú.

Ní 2013, lẹ́yìn ìwádìí tí Robert Francis ṣe lórí ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Mid Staffordshire, ìjọba ní kí oníròyìn kan, Camilla Cavendish, lọ wo ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́ tí orúkọ wa kò sí nínú ìwé àjọ kankan. Ó rí i pé ẹ̀kọ́ tí à ń gbà kò dọ́gba rárá. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé tó kọ ni ibi tó ti ní bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ yìí ní "basic" ń bù ú kù gidigidi; pé fífún arúgbó lóúnjẹ kó sì gbé e mì, wíwẹ̀ fún èèyàn láìdójútì í, ọgbọ́n ló ń gbà. Láti inú ìwé yẹn ni Care Certificate ti jáde ní April 2015, ẹ̀kọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, tí ó yẹ kí ẹni tuntun kọ́. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gbà á lè gbé e rìn láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ìgbà méjì ni èmi ṣe é, nítorí ibi tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì kò fẹ́ wo ti ibi àkọ́kọ́.

Ti owó ńkọ́? Nínú ètò owó oṣù NHS, ẹni tó ń wẹ̀ fún aláìsàn, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń yí i padà, Band 2, ìyẹn ìpele kejì, ni. Ẹni tó bá ń ka obs (mímí, ìfúnpá, ooru ara àti irú wọn), tó ń wo ṣúgà, tó ń fa ẹ̀jẹ̀, Band 3 ni. August 2021 ni wọ́n tún àlàyé iṣẹ́ méjèèjì kọ tí ìyàtọ̀ náà fi hàn kedere. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ Band 3 lọ́dún mọ́dún lórí owó Band 2. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́rùn. Ní agbègbè Wirral, àwọn HCA yanṣẹ́ lódì nítorí rẹ̀ ní 2023. Níbi tèmi, kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọ́n ní kí kálukú kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ àti ọjọ́ tó ti ń ṣe é.

Mo jókòó tì í ní ọjọ́ ìsinmi mi. Mo kọ obs, mo kọ ṣúgà, mo kọ ECG tí a fi ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, mo kọ ìwé omi tó wọlé àti omi tó jáde. Ojú ìwé méjì kún. Ìyàwó mi kà á, ó ní, "Gbogbo èyí lo ń ṣe?" Èmi náà ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi kọ ọ́. Mo wá fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀, kò sí ibi tí mo lè kọ bọ́ọ̀sì sí.

Wọ́n san owó náà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú gbèsè ẹ̀yìn díẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń ṣe ohun tí mò ń ṣe gẹ́lẹ́, kọ gbólóhùn mẹ́ta péré: "Mò ń wẹ̀ fún wọn. Mò ń fún wọn lóúnjẹ. Mò ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́." Wọ́n dá tirẹ̀ padà. A jọ tún un kọ ní kántíìnì ni. "Ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́" yẹn, a tú u palẹ̀, ó di ìlà mọ́kànlá.

Ibùdókọ̀ kọ́

Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò lọ ṣe nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé ibùdókọ̀ ni mo dúró sí. Àkàbà wà lóòótọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ lè ti ibi tí mo wà bọ́ sí nursing associate, ipò tó wà láàárín HCA àti nọ́ọ̀sì: ọdún méjì ni, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ pọ̀, Band 4, orúkọ rẹ a sì wọ ìwé NMC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, tó ti ń gba irú wọn sílẹ̀ láti January 2019. Láti ibẹ̀, ọ̀nà nọ́ọ̀sì kò jìn mọ́. Ohun tí kì í sábà yọ sí àwọn èèyàn wa létí ni pé bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà apprenticeship ní England, níbi tí owó oṣù kì í ti í dúró, ẹ ní láti ti gbé ní ìlú yìí fún ọdún mẹ́ta ná. Wọ́n tún ní kí n lọ ṣe ìdánwò ìṣirò. Èmi tí mo fi ọdún méje ka owó olówó láìṣì í kà! Mo ṣe é. Ìyàwó mi gbé èsì náà sórí status rẹ̀, àwọn àna mi ń kí mi kú oríire bí ẹni pé mo gba dígírí.

Fún àwọn tó ń kọ̀wé sí mi láti ilé nípa COS, ìwé tí agbanisíṣẹ́ níbí fi ń pe òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun: láti July 22, 2025, wọn kì í mú òṣìṣẹ́ care láti òkè òkun mọ́. Ẹ má fún èjẹ́ǹtì kankan lówó.

Mo ti fi ìwé sílẹ̀ fún nursing associate. Bí wọ́n bá mú mi, n óò lọ, owó ilé ń gòkè. Àmọ́ ohun kan ń kọ mí lóminú. Mo ti rí i pé bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, tó ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Màmá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Jamaica, HCA ni wọ́n láti ìgbà tí mo wà ní girama. Wọ́n ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n gòkè, wọ́n kọ̀. Dókítà tuntun tó bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ béèrè ibi tí nǹkan wà. Àwọn ló kọ́ mi pé kí n mú ọwọ́ mi gbóná kí n tó fi kan arúgbó. Bí wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan tí wọ́n ní, "Ẹni yẹn ò dáa," nọ́ọ̀sì kì í bi wọ́n léèrè nọ́ńbà, yóò dìde ni. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe ìlọsíwájú lẹ́nu iṣẹ́. Band 3 ni wọ́n ń san fún wọn, ibi tó ti dùn mí nìyẹn.

Gìgísẹ̀

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo pe màmá mi ní kùtùkùtù kí àwọn ìyá ìjọ tó dé.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ìgbà wo lo lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mi ò fi ní mọ̀? Kí ni kí n wá ní o ń ṣe? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀rọ àti nọ́ńbà, kí ó lè wuyì létí wọn. Wọ́n ń dáhùn pé hẹn, hẹn. Nígbà tó yá, mo sọ ti wíwẹ̀, mo sọ ti oúnjẹ, mo sọ ti àwọn tí kò lè yí ara wọn padà. Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Àwọn tí kò lè yíra yẹn," wọ́n ní, "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń yí wọn padà lóru?"

"Wákàtí méjì méjì ni, màmá. Àwọn mìíràn, mẹ́rin."

"Gìgísẹ̀ wọn ńkọ́? Ẹ máa ń wo gìgísẹ̀?"

"À ń wò ó."

"Ti ìyá wa, gìgísẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀. Ìdí ni mò ń wò, ẹ̀yìn ni mò ń fi òrí pa. Ìgbà tí mo fi máa wo gìgísẹ̀, ó ti jẹ wọlé." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

Mo sọ fún wọn pé a máa ń fi ìrọ̀rí ti ojúgun látìsàlẹ̀, kí gìgísẹ̀ ó yọ síta, kó wà lófuurufú, kó má fara kan bẹ́ẹ̀dì rárá.

"Kó má fara kan bẹ́ẹ̀dì," wọ́n tún un sọ.

Wọ́n ní kí n dúró ná, kí n má pa fóònù. Ìyá Tólú ìsàlẹ̀ ilé ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ láti oṣù kẹta, ó yẹ kó gbọ́ èyí. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí fèrèsé, tí wọ́n ń ké pè é pé kó máa bọ̀ kíá, Àkànní wà lórí fóònù.